Àpótí Iná Mẹ́ta àti Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Kan

Tí ẹ bá rí fótò àtijọ́ tí ojú ẹni inú rẹ̀ ń dán, tí kò sí ìrorẹ́, tí kò sí àpá eéwo, tí ìyá ọlọ́mọ mẹ́fà wá dà bí ọmọge, ẹ má kàn máa yin ẹni tó tẹ kámẹ́rà. Ẹnì kan wà lẹ́yìn tó jókòó ti fíìmù, tó tẹ̀ ba lé e pẹ̀lú pẹ́ńsù ẹlẹ́nu ṣóńṣó, tó ń fi díẹ̀díẹ̀ dí ojú àbàwọ́n kọ̀ọ̀kan. Rítọ́ọ̀ṣì ni àwa onífótò ń pe iṣẹ́ yẹn. Èmi ni mo ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù tèmi àti ọkọ mi, nítòsí ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde, láyé ìgbà tí fótò aláwọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba oníbàárà mọ́ fótò dúdú-àti-funfun lọ́wọ́. Ọkọ mi á ya fótò, á gba ìyìn. Èmi á wà lẹ́yìn, màá máa pa ìrorẹ́ ọmọ ọlọ́mọ rẹ́. Mo mọ iṣẹ́ náà dáadáa, mi ò sì ní torí pé mo fẹ́ jẹ́ ọmọlúàbí kí n sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n.

Ohun èlò tó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe pẹ́ńsù. Àpótí ni. Fíìmù kò ṣeé wò lórí tábìlì bí ìwé: ohun tó dúdú ló ń funfun nínú rẹ̀, ohun tó funfun á sì dúdú. Ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ẹ̀yìn rẹ̀ wá kí ẹni inú rẹ̀ tó jáde. Àpótí tí mo ń lò, káfíńtà kan ní Ayépé ló kàn án fún ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ọ̀gá mi sì fi ta mí lọ́rẹ lọ́jọ́ tí mo ṣe fírídọ́ọ̀mù. Ó dà bí tábìlì kékeré tí orí rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́. Wọ́n gé ihò sí àárín rẹ̀, wọ́n fi dígí tó funfun bí omi ẹ̀kọ dí i. Nísàlẹ̀ ni dígí ìwojú kan wà tó kọjú sí fèrèsé. Oòrùn á gba ojú fèrèsé wọlé, á bọ́ sórí dígí ìwojú, á sì ta sókè sára fíìmù. Tí oòrùn bá yí, èmi náà á yí tábìlì. Tí òjò bá ṣú, mo ti rí àyè lọ se ọbẹ̀ nìyẹn.

Ọkọ mi kò fẹ́ràn àpótí yẹn rárá. Láti ọjọ́ tó ti lọ sí Èkó tó rí àwọn tó ń fi iná ṣe tiwọn, ara rẹ̀ ò lélẹ̀ mọ́.

“Màmá wa,” á ní, “ṣé bí a ó ṣe máa dúró de oòrùn nìyí bí ẹni tó sá ẹ̀lùbọ́?”

“Oòrùn kì í lọ kó má sọ fún èèyàn, Dádì,” ni mo máa ń dá a lóhùn. “Iná tí ẹ ń pariwo rẹ̀ yẹn ni kì í dágbére.”

A ti jà lórí ọ̀rọ̀ yìí títí àwọn ọmọ wa fi lè sín wa jẹ. Níkẹyìn, Àlàájì kan tó ń ta ohun èlò fótò ní ìlú wa dá sí i. Oníbàárà rẹ̀ àtọjọ́ pípẹ́ ni wá. Ó gbé àpótí oníná méjì jáde, ó ní ká gbé méjèèjì lọ sílé, ká lò wọ́n fún ọ̀sẹ̀ kan, kí á mú èyí tó bá tẹ́ wa lọ́rùn, ká dá èkejì padà.

“Ṣùgbọ́n nítorí Ọlọ́run,” ó ní, “ẹ má jẹ́ kó fọ́ níbi ìjà yín.”

Báyìí ni mo ṣe ní àpótí mẹ́ta nínú yàrá tí ò gba ẹni méjì dáadáa.

Gílóòbù ni wọ́n fi sínú àkọ́kọ́ nínú àwọn oníná náà. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n, ó rọ̀, ó sì tuni lára. Gbogbo ojú tí mo gbé ka orí rẹ̀ ló dùn ún wò. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bí èèyàn ṣe máa ń fẹ́ràn ẹni tó ń pọ́n ọn lé. Àfi ìgbà tí a fọ fótò tí mo fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tún ṣe, tí mo rí i pé àbàwọ́n tí mo ní kò sí, wọ́n wà níbẹ̀ pitimu. Kò sì pẹ́ kí ó tó gbóná, tí etí fíìmù á bẹ̀rẹ̀ sí í ká jọ. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, mo sì bínú, nítorí pé èmi ni mo kọ́kọ́ yìn ín.

Èkejì, iná gígùn ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń lò ní ọsibítù. Èyí kì í pọ́n ẹnikẹ́ni lé. Ojú tó bá bọ́ sórí rẹ̀ á funfun hóò, gbogbo eruku, gbogbo irun, gbogbo ibi tí èékánná ti ha fíìmù á sì yọ síta. Ọkọ mi ń fò fẹ̀rẹ̀. Ó ní ojú ti là, iṣẹ́ dé. Èmi jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀, mo pa ìrorẹ́, mo pa ihò imú, ó kù díẹ̀ kí n pa ojú pàápàá rẹ́. Ìmọ́lẹ̀ náà kì í jẹ́ kéèyàn mọ èyí tó jẹ́ àbàwọ́n yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ èèyàn. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó ní agídí ló ń ṣe mí.

Ibi tí a bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí tíṣà kan wọlé.

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Ó ti tó ẹni ogójì ọdún, ó ń kọ́ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nínú ìlú, ó sì ní bó ṣe máa ń dúró ṣánṣán tí àwọn ọmọdé fi ń dákẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ yẹn kò dúró ṣánṣán. Ó gbé ohun kan mọ́ àyà, ó fi akísà àdìrẹ tó ti ṣá wé e. Nígbà tó tú u, fíìmù onídígí ni, irú èyí tí àwọn onífótò ìgbà ayé bàbá wa ń lò, tó jẹ́ dígí gan-an, tó lè fọ́ bí àwo.

“Màmá mi ni,” ó ní. “Bàbá mi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ló tọ́jú ẹ̀. Inú pòtímáǹtò wọn, lábẹ́ aṣọ, la ti bá a. Wọ́n ti sọ fún mi rí pé fótò màmá mi wà lọ́wọ́ wọn, pé tí àwọn bá lọ kí n mú un. Èyí tí wọ́n fọ sórí páálí, ìkán ti jẹ ẹ́ látijọ́. Eléyìí nìkan ló kù.”

Ó ní òun kò tíì máa rákòrò nígbà tí màmá òun kú. Ìyàwó tí bàbá rẹ̀ fẹ́ lẹ́yìn náà ló tọ́ ọ dàgbà, ó sì tọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ rí. Bí àwọn àgbà wa ṣe rí nìyẹn. Tí obìnrin bá kú ní kékeré, tó fi ọmọ sílẹ̀, wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ létí ọmọ náà, nítorí wọ́n gbà pé egbò ni wọ́n ń ṣí. Àánú ni wọ́n pè é. Ọmọ á wá dàgbà bí ẹni tí kò ní ìyá rí.

“Àǹtí,” ó sọ fún mi, “mo mọ̀ pé ẹ máa ń sọ èèyàn di arẹwà. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ sọ tèmi di arẹwà. Mo fẹ́ mọ bó ṣe rí ni. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju pé ó kú lọ.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ìyá tèmi wà láàyè ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí n sinmi. Bó bá ti dé báyìí, irun orí àwọn ọmọ mi kò dára, ọbẹ̀ mi kò ní iyọ̀, mo ti gbẹ jù. Mo wo tíṣà yìí, mo rántí bí mo ṣe máa ń gbó ìyá mi lẹ́nu, ojú tì mí díẹ̀. Mo gba fíìmù náà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Orí àpótí onígílóòbù la kọ́kọ́ gbé e lé, torí pé òun ló sún mọ́ wa. Ojú obìnrin ló wà níbẹ̀, ọ̀dọ́, tó so gèlè, tó yí orí díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì dán, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. A gbé e lọ sórí oníná gígùn. Àfi bí ẹni ká aṣọ kúrò lójú: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà lẹ́rẹ̀kẹ́ tó sún mọ́ wa, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ló sì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ kejì tó yí sẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tibẹ̀ kò hàn tó bẹ́ẹ̀. Mo gbé e lọ sórí àpótí tèmi, lójú oòrùn. Àwọn ìlà náà ṣì wà níbẹ̀, wọ́n kàn rọ̀ díẹ̀ ni.

“Pélé ni,” ni mo wí.

“Pélé kọ́,” ni ọkọ mi wí. “Fíìmù ló ha.”

“Ṣé nǹkan máa ń ha fíìmù ní mẹ́ta-mẹ́ta lẹ́rẹ̀kẹ́ ni, Dádì?”

“Ta ló ní mẹ́ta? Ẹ kà á dáadáa. Mẹ́rin ló wà níhìn-ín.”

Mo kà á, mo rí mẹ́ta. Òun náà kà á, ó rí mẹ́rin. Ó ní ojú mi ti fẹ́ pélé kó tó dé ibẹ̀. Mo ní tirẹ̀ ti fẹ́ àpótí tuntun. Bí a ṣe ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wa lẹ́nu, mo gbàgbé pé oní-nǹkan dúró sí ẹ̀yìn wa, àfi ìgbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

“Ṣé màmá mi kọlà ni?”

A yíjú. Ó ti gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tirẹ̀, níbi tí kò sí ilà kankan. “Wọn ò ṣáà ní kọlà kí n má mọ̀,” ó ní. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú. “Àbí báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?”

Nígbà náà ni ọ̀ràn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi tán. Tí mo bá fi pẹ́ńsù pa àwọn ìlà náà rẹ́, tó sì jẹ́ pé pélé ni, mo ti yí ojú ìyá rẹ̀ padà mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì ní mọ̀ láéláé. Tí mo bá fi wọ́n sílẹ̀, tó sì jẹ́ pé fíìmù ló ha, èmi gan-an ni olóòlà nìyẹn, mo kọlà fún ẹni tó ti kú. Ojú kan ṣoṣo ló fẹ́ mọ̀ láyé, ọwọ́ mi ló wà.

Mo bi í bóyá ẹnì kan kù tó mọ ìyá rẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n màmá òun obìnrin wà ní Ibefun, wọ́n ti darúgbó, ṣùgbọ́n wọn ò ṣeé bi.

“Tí mo bá ti dárúkọ màmá mi báyìí, ẹkún ni,” ó ní. “Mi ò lè máa wò wọ́n. Mo ti fi sílẹ̀ látijọ́. Ta ni yóò wá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń sunkún àbúrò rẹ̀, táá ní, ẹ dákun, ṣé ó ní ilà lójú?”

Ọkọ mi ló mọ ohun tí a lè ṣe. Ó fọ fótò kan láti ara fíìmù onídígí náà bó ṣe wà. Ó wá gbé kámẹ́rà, ó ya fótò yẹn padà sórí fíìmù tuntun. Orí fíìmù tuntun yìí ni mo ti dí gbogbo ìlà ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, tí ó sì fọ fótò kejì. Báyìí, ọ̀kan ní ìlà, ọ̀kan kò ní, a ò sì fọwọ́ kan ti onídígí. A ó kàn kó méjèèjì síwájú ìyá àgbà, kí wọ́n fi ìka tọ́ka sí èyí tó jọ àbúrò wọn.

Nígbà tí tíṣà padà wá tó rí àwọn fótò náà lórí páálí, tí dúdú ti di dúdú tí funfun sì ti di funfun, ó fa àga, ó jókòó. Ó wò wọ́n títí. Mo ń retí pé kó sọ pé imú òun àti ti ìyá òun jọra, nítorí pé wọ́n jọra lóòótọ́.

“Ó kéré,” ló sọ. “Ẹ wò ó. Mo ti dàgbà jù ú lọ. Mo lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.”

Mo lọ bu omi wá fún un.

Ní Sátidé, èmi àtirẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ sí Ibefun. Kò fẹ́ dá lọ. Ọkọ mi dúró ti ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí n gbìyànjú kí n má kọ́ ìyá àgbà ní ohun tí wọ́n máa sọ. Mo ní ó dàbọ̀. A bá ìyá náà níwájú ilé, wọ́n jókòó lórí àpótí ìdáná, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí sínú abọ́. A kúnlẹ̀. Wọ́n kí wa, wọ́n bèèrè àwọn ọmọ, wọ́n tún ìkíni ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó wá wo ohun tó wà lọ́wọ́ tíṣà.

Tíṣà kàn tẹ́ fótò méjèèjì sórí itan wọn.

Ìyá náà gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lọ́wọ́. Wọ́n gbé ti ọwọ́ ọ̀tún sún mọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà, wọ́n gbé ti òsì. Mo rí èjìká wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Tíṣà ti ń na ọwọ́ láti gba àwọn fótò náà padà, ó ti ń sọ pé, “Ó ti tó, Màmá, ẹ má sunkún mọ́,” kó tó di pé àwa méjèèjì gbọ́ ọ. Ẹ̀rín ni. Ìyá àgbà ń rẹ́rìn-ín dé ibi pé eyín tó kù lẹ́nu wọn yọ síta.

“Yèyé rẹ rèé!” wọ́n ní. “Oníjọ̀gbọ̀n mi rèé! Ta ló wá fún un ní pélé lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì? Ta ló sì bó o kúrò lójú ẹ̀ pátá? Irọ́ ni méjèèjì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ló ní! Èyí!”

Wọ́n fi ìka tó rí gbúngbùn tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó yí sẹ́yìn nínú fótò, èyí tí kò hàn dáadáa.

Wọ́n wá sọ ọ́. Ọjọ́ kan náà ni olóòlà wá kọlà fún àwọn àti àbúrò wọn nílé bàbá wọn. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ jókòó, wọ́n sì fara dà á, pélé wọn nìyẹn lójú wọn títí dòní, wọ́n yíjú ká rí i. Ó kan àbúrò. Olóòlà kọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, ó parí rẹ̀. Bó ṣe ní kó yí èkejì, ọmọ náà bù ú jẹ lọ́wọ́.

“Ó bù ú jẹ, kò jù ú sílẹ̀! Olóòlà ń ké, àwa ń ké. Nígbà tó jù ú sílẹ̀, ó sá wọ abẹ́ ibùsùn bàbá wa. Wọ́n fi àkàrà bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Wọ́n ní àwọn máa nà án, ó ní kí wọ́n wọlé wá nà án níbẹ̀. Bàbá wa fúnra wọn ló tẹ̀ síbẹ̀ wò ó, tí wọ́n wá dìde, wọ́n ní, ‘Ẹ fi sílẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ti tó o.’”

Tíṣà ti jókòó sórí ilẹ̀ láìmọ̀. Ẹnu rẹ̀ là bí ti ọmọdé.

“Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ wá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́,” ni ìyá náà ń bá a lọ. “Nígbà tó délé ọkọ tó fẹ́ ya fótò, ó ní ibi tó mọ́ ni kí onífótò yà. Onífótò ní kó wo iwájú, ó ní òun ò wo iwájú. Mo wà ńbẹ̀! Mo ní, ‘Ṣé o fẹ́ bu onífótò náà jẹ ni?’ Ìdí tó fi yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ nìyẹn. Ẹ̀rín ló ń mú mọ́ra níbẹ̀ yẹn, ẹ wo ẹnu rẹ̀.”

Lóòótọ́, ẹnu rẹ̀ fún pọ̀ díẹ̀. Mo ti wo ẹnu yẹn lórí àpótí mẹ́ta, mo rò pé ìtìjú ni.

Ìgbà yẹn ni ẹkún ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tíṣà ló sì ń sun ún. Ó ní, “Màmá, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí?”

“Ìgbà wo ni kí n sọ ọ́?” ni ìyá náà dá a lóhùn. “Tí mo bá ti ń sunkún, wàá ní, ‘Màmá, ó ti tó,’ wàá sì dìde lọ. O ò jẹ́ kí n dé ibi ẹ̀rín rí.”

Ilẹ̀ ti ń ṣú kí a tó kúrò. Ìyá àgbà ò jẹ́ ká lọ. Bí wọ́n bá ti parí ìtàn kan, wọ́n á ní, “Àti ìgbà kan tún wà…”

Ní ọjọ́ Ajé, tíṣà ti wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa kí a tó ṣílẹ̀kùn. Mo ti ro gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi. Ó ní òun ló jàre nípa ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, mo ní èmi ni mo jàre nípa èkejì, a sì fi í síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan kò yé mi: tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kọjú sí wa bá mọ́, ibo ni ìlà tó wà níbẹ̀ ti wá? Ọkọ mi gbé fíìmù onídígí sórí oníná gígùn, ó tẹ̀ ba lé e, ó ń wò ó. Bí ó ṣe ń wò ó ni iná lọ.

Mo ti la ẹnu láti fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ó ní kí n dákẹ́. Ó gbé fíìmù náà sókè, ó dà á gẹ̀rẹ́ sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, tí ìmọ́lẹ̀ fi ń gba orí rẹ̀ kọjá dípò kó gba inú rẹ̀. Àwọn ìlà ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó sún mọ́ wa kọ mànà, gbogbo wọn, wọ́n sì pọ̀ ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Orí fíìmù ni wọ́n wà. Ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì kò kọ rárá, inú àwòrán ni tirẹ̀ wà. Kò sí ọ̀kan nínú àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó lè fi ìyẹn hàn wá, nítorí ẹ̀yìn ni gbogbo wọn ti ń tanná.

“Nǹkan ẹlẹ́nu mímú kọ́ ló ṣe èyí,” ni ọkọ mi wí jẹ́jẹ́. “Aṣọ ni. Eruku wà lára aṣọ, ẹnì kan sì ń fi nu ibẹ̀. Ibì kan náà ló máa ń nù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí. Ó ti ń nù ún tipẹ́.”

Tíṣà wo akísà àdìrẹ tó wà lórí tábìlì.

“Lọ́jọ́ Àìkú, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé,” ó ní, “bàbá mi máa ń ti ilẹ̀kùn yàrá wọn. Ìyàwó wọn á ní ká má pariwo, pé wọ́n ń sùn.”

Ọkọ mi yíjú sí fèrèsé. Ó ń ṣe bí ẹni tó ń wá ibi tí iná lọ. Èmi kò tilẹ̀ gbìyànjú àtifi tèmi pamọ́, mo fi ìró nu ojú.

Mo bi tíṣà bó ṣe fẹ́ kí n ṣe é. Ó ní kí n pa ìlà ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó sún mọ́ wa rẹ́, nítorí pé màmá òun fẹ́ kí ibẹ̀ mọ́, ó sì jà fún un. Kí n fi pélé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì sílẹ̀ bó ṣe wà, kí n má fi kún un, kí n má yọ níbẹ̀. Orí fíìmù tuntun ni kí n ti ṣe gbogbo rẹ̀.

“Ẹ má pa ohunkóhun rẹ́ lára dígí yẹn o,” ó ní. “Ti bàbá mi nìyẹn.”

Ní ti àpótí, oníná gígùn la mú, a dá onígílóòbù padà fún Àlàájì láìfọ́. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé la gbé e sí, àpótí ọ̀gá mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí fíìmù àtijọ́ tí mo gbé pẹ́ńsù sí kí n tó kọ́kọ́ dà á gẹ̀rẹ́ lójú ìmọ́lẹ̀. Ọkọ mi ń sọ fún àwọn oníbàárà pé òun ló mú ọ̀làjú wọ ṣọ́ọ̀bù. Mi ò bá a jiyàn lójú àlejò.

Ó tó oṣù díẹ̀ kí n tó dé ilé tíṣà. Àwọn àlejò mìíràn wà ní pálọ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Fótò náà wà lókè, ó tóbi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó mọ́ kọjú sí wa, ẹnu fún pọ̀ lórí ẹ̀rín. Ti bàbá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ náà tọ́ka sókè, ó bèèrè ẹni tí ọmọge yẹn jẹ́.

Tíṣà ń gbé omi bọ̀ láti ilé ìdáná. Ó dúró ṣánṣán bó ṣe máa ń dúró níwájú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀.

“Màmá mi nìyẹn,” ó ní. “Ó bu olóòlà jẹ.”